Ẹ́jẹ́ǹsì ń gba ₦967,500 lórí iṣẹ́ mi, ₦600,000 ló ń dé ọwọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè, Utako: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Central Area l'Ábújá, àmọ́ ẹ́jẹ́ǹsì ló mú mi débẹ̀, òun náà ló ń sanwó fún mi: ₦600,000 lóṣù. Mo ṣèèṣì rí ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, ₦967,500 ló wà níbẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí àdéhùn mi parí. Ṣé ó yẹ kí wọ́n jẹ tó báyìí? Ṣé mo lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tààrà pé kí wọ́n gbà mí fúnra wọn?

Ará Kúbwà: Ẹ kọ́kọ́ yọ VAT, ìyẹn owó orí ọjà, kúrò. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìjọba ló ni ín, ẹ́jẹ́ǹsì kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Ẹ fi 1.075 pín 967,500, ó di ₦900,000. Àlàfo tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Bí ẹ bá fi wé owó tiyín, ìdá 50 ni. Bí ẹ bá fi wé owó tí oníbàárà san, ó di ìdá 33 àti díẹ̀. Owó kan náà ni o! Ẹ́jẹ́ǹsì tó bá fẹ́ kó kéré lójú yín, èyí kejì ni yóò pè. Torí náà, bí wọ́n bá dárúkọ ìdá kan, ẹ bi wọ́n pé nínú èwo.

Akáńtáǹtì Gwarimpa: Irú ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ǹsì, ẹrù wà lórí wọn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8, nínú owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. NSITF, àjọ tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ń gba ìdá 1 lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ITF, àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, náà ìdá 1. Ká ní gbogbo ₦600,000 yẹn ló wọ inú ìṣirò, ìdá 12 tó jẹ́ ti ẹ́jẹ́ǹsì, ìyẹn ₦72,000, ti lọ, a ò tíì ka adójútòfò ẹ̀mí.

Ẹ tún wo ìdúró owó. Oníbàárà ńlá lè má sanwó títí oṣù méjì, nígbà tí ẹ́jẹ́ǹsì ti san tiyín lópin oṣù. Bí wọ́n bá yá ₦600,000 ní ìdá 3 lóṣù, ₦36,000 ni èlé oṣù méjì. Nínú ₦300,000 yẹn, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn kò ju ₦192,000 lọ, ibẹ̀ ni owó ọ́fíìsì àti èrè ti máa jáde.

Àmọ́ bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni ìwé pè yín, tẹ́ ẹ sì ń dá owó orí yín san fún FCT-IRS, àjọ owó orí Àbújá, ₦72,000 yẹn kò sí lọ́rùn wọn rárá. Bí wọ́n bá sì ń yọ owó orí kí wọ́n tó sanwó fún yín, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, torí òun lẹ máa fi dín owó orí ọdún kù.

Ọmọ Ìlọrin, Jábì: Ẹ má lọ bá oníbàárà lẹ́yìn ẹ́jẹ́ǹsì. Ẹ wá ibi tí àdéhùn ti sọ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún wọn tààrà, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ló sábà máa ń jẹ́. Ìwé àárín ẹ́jẹ́ǹsì àti oníbàárà, tẹ́ ẹ̀yin ò rí, sábà máa ń ní in pé bí oníbàárà bá gbà yín, yóò san ìdá kan nínú owó ọdún yín. Ìyẹn ló máa ń ba ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́: ọ̀gá tó fẹ́ yín kò ní owó yẹn nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ bi ẹ́jẹ́ǹsì iye tó jẹ́.

Màmá HR, Wuse 2: Àbúrò, má dárúkọ ìwé owó yẹn fún ẹnikẹ́ni, má sì yà á ní fọ́tò. Ohun ìkọ̀kọ̀ oníbàárà ni, wọ́n lè torí ẹ̀ dá ọ dúró. Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ kéèyàn máa ṣírò èrè ẹlòmíì. Iye tí irú iṣẹ́ rẹ ń lọ lọ́jà ni kó o wádìí, lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ǹsì méjì tàbí mẹ́ta mìíràn. Kọ̀wé sí wọn nísinsìnyí tó ku oṣù méjì. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti fi iye àtijọ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tán. Dárúkọ iye kan pàtó, kì í ṣe "ẹ fi kún un". Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ rí i pé ọ̀gá tó ò ń ṣiṣẹ́ fún ti sọ pé òun ṣì fẹ́ ọ.

Olùbéèrè, Utako: Ẹ ṣé gan-an, mà. Agbaṣẹ́ṣe ni ìwé pè mí, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Ó tún wà níbẹ̀ pé ìgbà tí oníbàárà bá sanwó ni wọ́n máa san tèmi.

Akáńtáǹtì Gwarimpa: Áà! Kò sí ẹrù lọ́rùn wọn, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bá wọn dúró de owó. Ẹ béèrè ₦700,000. ₦200,000 á ṣì kù fún wọn, ìyẹn ìdá 22 nínú ₦900,000. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n pa gbólóhùn ìdúró-de-oníbàárà yẹn rẹ́, kí wọ́n fi ọjọ́ kan pàtó sí i lóṣooṣù. Ìyẹn kò ní kí wọ́n padà lọ bá oníbàárà dúnàá-dúrà.