Ọ̀bẹ alákọ̀: èsì mi lórí orúkọ ọ̀bẹ tí kò ṣeé ká

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá: kí ni kí á máa pe ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ dúró gbọin-gbọin nínú èèkù, tí kò ṣeé ká bí èyí tí àwọn ènìyàn ń fi sápò? Bàbá wa kan dáhùn pé "ọ̀bẹ aláìṣeéká", àbúrò wa kan sì ní "ọ̀bẹ adúróṣinṣin" ni ó yẹ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀bẹ náà ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọmọ kan tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nígbà kan, tí ó ń gbé ní Súwídìn báyìí, fi ẹrù kékeré kan rán ẹni tí ń bọ̀ wálé sí mi. Ìwé ni mo pè é títí mo fi tú u. Ọ̀bẹ ni mo bá níbẹ̀ nínú àkọ̀ oníke, irin rẹ̀ gùn díẹ̀ ju ìka àárín mi lọ, wọ́n sì tẹ "Morakniv" àti "Sweden" sí i lára. Mo mú un lọ sí Ọjà Olúwo, mo fi han ìyá kan tí ń ta ẹja. Ó fi àtàǹpàkò yẹ ojú rẹ̀ wò, ó fi la inú àrọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ dé ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ní, "Tíṣà, ọ̀bẹ nìyí."

Ìyá náà kò fi nǹkan kan kún un, torí pé kò sí ohun tí ó yẹ ní fífi kún. Èyí tí ó bá yàtọ̀ ni Yorùbá máa ń fún ní àpèlé. Adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lápá ni à ń pè ní òpìpì, ṣùgbọ́n a kì í pe ìyókù ní adìẹ oníyẹ̀ẹ́. Bàtà gogoro wà, kò sì sí ẹni tí ń béèrè bàtà aláìga lọ́jà. Ọ̀bẹ tí ń ká ni àjèjì láàrin wa, òun ni kí á fún lórúkọ, kí á máa pè é ní "ọ̀bẹ aṣeéká". Ní ti "adúróṣinṣin", ìwà ènìyàn ni a fi ń yìn. Ẹni tí kò fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro ni adúróṣinṣin. Tí a bá gbé e lé ọ̀bẹ lórí, ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ní tẹ́lẹ̀ ni yóò máa sọ sí olùkàwé lọ́kàn.

Mo wádìí àwọn tó ṣe é, ohun tí mo rí sì ti ẹjọ́ mi lẹ́yìn. Mora jẹ́ ìlú kan ní agbègbè Dalarna ní Súwídìn. Lọ́dún 1891 ni Frost-Erik Erson, tí ó ti Amẹ́ríkà padà dé, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Östnor nítòsí ibẹ̀. Ọmọlanke orí yìnyín tí wọ́n fi ń wọ́ gẹdú ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, ọ̀bẹ sì ń tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ kejì, ti KJ Eriksson, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan lọ́dún 2005. "Kniv" kò ju "ọ̀bẹ" lọ lédè wọn, nítorí náà ọ̀bẹ Mora ni wọ́n ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé gàrí Ìjẹ̀bú. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ yà á sọ́tọ̀, "slidkniv" ni wọ́n ń wí, "slida" sì ni àkọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ọ̀bẹ alákọ̀" fún ibi tí ó bá pọn dandan kí á fi ìyàtọ̀ hàn. Àwọn àgbà wa ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ilé irin ni àkọ̀. Inú èèkù ara rẹ̀ ni ọ̀bẹ aṣeéká ń sùn, kò nílò ilé mìíràn, ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣeé ká kò ṣeé mú rìn láìsí àkọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀bẹ ilé ìdáná kò ní àkọ̀, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n a kì í gbé ìyẹn so mọ́ ìdí rìn kiri. Ọ̀bẹ lásán tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kékeré kan. Bàbá wa kọ ọ́ pé "àwọn tó rọ ọ́". Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí á fi "rọ" sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ tí ó ní owú àti ẹwìrì. Pẹlẹbẹ irin ni ẹ̀rọ ti ń gé ọ̀bẹ yìí jáde kí wọ́n tó fi iná mú un le. "Àwọn tó ṣe é" ni mo kọ lókè, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, àyàfi tí ẹ bá ní àtakò.