Wọ́n fi obìnrin ṣe igbákejì olùdíje ààrẹ: kí ni ká bi í ká tó tẹ̀ka?

Ará Ìsọ̀nà, Iléṣà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ọwá, àti ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tó wà láàárín wa. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá fa obìnrin kalẹ̀ láti ṣe igbákejì fún olùdíje ààrẹ, tí wọ́n wá ń ké kiri ọjà Atákúnmọ́sà pé "tiyín nìyí, ẹ̀yin ìyá," kí ló yẹ ká wò ká tó gbà wọ́n gbọ́? Obìnrin ni èmi náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń kọ mí lóminú. Ó dà bíi pé ìbò wa ni wọ́n ń wá, pé tí wọ́n bá wọlé tán, á kàn máa bá wọn gé rìbọ́ọ̀nù kiri ni.

Kí ni òfin gan-an fi sí ìkáwọ́ igbákejì ààrẹ? Nínú ọ̀rọ̀ àwa obìnrin, bí ìsinmi ìbímọ, ilé ìwòsàn aláboyún, ogún opó àti wàhálà ọjà, èwo lọ́wọ́ rẹ̀ lè tó? Mo tún gbọ́ pé igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà lè dìbò nílé aṣòfin bí ọ̀rọ̀ bá dọ́gba. Ṣé tiwa náà lè ṣe é?

Ẹ má bínú bí ìbéèrè mi bá pọ̀.

Lọ́yà Lágéré, Ilé-Ifẹ̀:

Àǹtí wa, ẹ jẹ́ n ti ìsàlẹ̀ gbà á, torí ti Amẹ́ríkà yẹn ló ń da orí èèyàn rú jù. Òótọ́ ni. Igbákejì ààrẹ wọn ni olórí ilé aṣòfin àgbà lọ́hùn-ún, kì í sì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba. Ìgbà 33 ni Kamala Harris ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín 2021 sí 2025, kò sì sí igbákejì ààrẹ kankan tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Tiwa kò ní ìbò kankan nílé aṣòfin. Bí àwọn sẹ́nétọ̀ pín sí méjì gééré, kò kàn án. Ẹni tó bá wá bá yín lọ́jà pé obìnrin náà yóò "ṣòfin fún ẹ̀yin ìyá," ẹ rọra bi í pé látorí àga wo.

Nínú ìwé òfin 1999, abala 142 ló ní kí olùdíje ààrẹ yan igbákejì. Bí ọ̀gá bá wọlé, igbákejì ti wọlé nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ wá wà ní abala 148, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ààrẹ "lè" gbé iṣẹ́ ìjọba lé e lọ́wọ́ bó bá ṣe wù ú. Wọn ò kọ "gbọ́dọ̀." Inú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ohun tó ń dẹ́rù bà yín wà. Igbákejì tí ọ̀gá rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ fún lè fi ọdún mẹ́rin jókòó láìrú òfin kankan.

Ohun tí ìwé òfin fún un tí ààrẹ ò lè gbà kò pọ̀. Òun ni alága Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé Orílẹ̀-Èdè, níbi tí gbogbo gómìnà 36 àti gómìnà báńkì àpapọ̀ ti ń jókòó. Ìgbìmọ̀ yẹn kò lè pàṣẹ, ìmọ̀ràn ló ń fún ààrẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀. Yàrá tí igbákejì ààrẹ ti jẹ́ alága nìyẹn, tó ti lè wo gbogbo gómìnà lójú kó sì bèèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Ibi tí ipò náà ti ń di agbára tòótọ́ ni ìgbà tí àga ààrẹ bá ṣófo. Abala 146 ní bí ààrẹ bá kú, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, tí wọ́n yọ ọ́, tàbí tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣe é mọ́, igbákejì di ààrẹ. Ní oṣù kọkànlá 2009 Ààrẹ Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia láìkọ lẹ́tà sílé aṣòfin. Ìlú wà bẹ́ẹ̀ láìní adelé títí di ọjọ́ 9 oṣù kejì 2010, kí wọ́n tó sọ igbákejì rẹ̀, Jonathan, di adelé ààrẹ. Ìyẹn ni wọ́n fi tún abala 145 ṣe. Báyìí, bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí ààrẹ ò kọ lẹ́tà, ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ fi ìbò sọ igbákejì di adelé. Ní ìpele ìpínlẹ̀, Virginia Etiaba jẹ́ gómìnà Anambra láti oṣù kọkànlá 2006 sí oṣù kejì 2007 nígbà tí wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀, kí kóòtù tó dá ọ̀gá náà padà. Nítorí náà, kí ẹ tó débi ọ̀rọ̀ obìnrin rárá, ẹ bi ara yín bóyá obìnrin yìí lè di ìjọba mú lọ́la bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀.

Ó ku ti àtúnṣe ìwé òfin, tí àwọn olùpolongo fẹ́ràn láti ṣèlérí. Ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta 2022 wọ́n gbé àbá wá pé kí wọ́n ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nílé aṣòfin. Nílé aṣojú-ṣòfin, 81 ló gbà, 208 kọ̀. Àbá nípa ọkọ tó jẹ́ àlejò náà ṣubú lọ́jọ́ yẹn. Abala 26 ló fà á: ọkùnrin Iléṣà tó fẹ́ ará Gánà lè tipa ìgbéyàwó forúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n obìnrin Iléṣà tó fẹ́ ará Gánà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìrémọ:

Lọ́yà ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ n pín ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn sí ọwọ́ tó ni ín, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi irọ́ bá wa lò.

Ìsinmi ìbímọ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ kò sí nínú ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé. Òfin iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, abala 54, ní aláboyún lè kúrò níbi iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìbímọ, bó bá mú ìwé dókítà wá. Kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bó bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ìdajì owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa san fún un. Tó bá padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ lọ wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ààbọ̀ wákàtí yẹn. Kì í ṣe pé òfin ò sí. Ẹni tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò ni ò tó, tíṣà tí wọn ò fún ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kò sì rí ẹ̀rí mú lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Igbákejì ààrẹ tó bá fẹ́ ṣe nǹkan lè ní kí ààrẹ gbé àbójútó yìí fún òun. Èyí ni ẹ fi lè dán an wò: ẹ bèèrè bóyá ó mọ ohun tó wà nínú abala 54.

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti káńsù, ṣùgbọ́n owó àpapọ̀ wà nínú rẹ̀. Òfin ìlera 2014 ní ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sápò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì ń gba ọ̀dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera kọjá. Ẹ jẹ́ ká tọ owó náà lẹ́sẹ̀. Ó kúrò ní Àbújá, ó dé ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀, ó wá wọ àkáǹtì ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù. Ó lè há sí gbogbo oríta yẹn. Bí ìpínlẹ̀ ò bá mú owó tirẹ̀ wá, ó há. Bí ilé ìwòsàn ò bá ní àwọn tí ń bu ọwọ́ lùwé ní báńkì, tàbí tí wọn ò ṣírò èyí tí wọ́n ti ná, ó há. Aláboyún tí wọ́n ní kó ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá fúnra rẹ̀ kò ní mọ oríta tó há sí. Alága Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé lè gbé orúkọ ìpínlẹ̀ tó jẹ gbèsè síwájú àwọn gómìnà lóṣooṣù. Kò ná an ní kọ́bọ̀, ojú tó le ló gbà.

Ogún opó, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Àṣà Yorùbá ni ìyẹn, àwọn ọmọ ló ń jogún, wọn ìbáà pín in ní ìdí-igi (ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan) tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan), ìyàwó kì í sí nínú ìpín. Igbákejì ààrẹ ò lè dé ibẹ̀. Ohun tí ń gba opó ni ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, ìwé ìhágún tí ọkọ kọ nígbà ayé rẹ̀, àti orúkọ obìnrin lórí rìsíìtì ilẹ̀ tí wọ́n jọ rà. Òfin tó de ìwà ipá nínú ilé náà, ti 2015 tí wọ́n ṣe ní Àbújá, Àbújá nìkan ló dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, Ọ̀ṣun sì ti ṣe tiwa.

Ti ọjà, ẹ lọ bá káńsù.

Baba Tíṣà, Ìmọ̀:

Ọmọ mi, ìwọ tóo bèèrè, o ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti máa rò ó. Àwa ní Ọ̀ṣun ti rí irú rẹ̀. Olùṣọlá Ọbádà, ọmọ Iléṣà níbí, jẹ́ igbákejì gómìnà láti 2003 sí 2010, Títílayọ̀ Láoyè-Tòmórì gbà á lẹ́yìn rẹ̀ títí di 2018. Ọdún 15 gbáko ni obìnrin fi wà ní ipò kejì ní Òṣogbo. Bí wíwà níbẹ̀ lásán bá ń tún ilé ìgbẹ̀bí ṣe ni, à bá ti máa bímọ sórí wúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ètò ẹ̀kọ́ kún iṣẹ́ Láoyè-Tòmórì, a mọ ẹni tí a ó bi nípa ilé ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ láti yìn ín tàbí láti bú u. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ ló ṣeé bá jà.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú "ọ̀rọ̀ obìnrin" yìí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọbádà kúrò ní Òṣogbo, mínísítà kékeré fún ètò ààbò ni wọ́n fi í ṣe ní 2011, ọ̀rọ̀ ológun. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ lẹ sì ń sọ fún wa pé Lúwo jẹ Ọọ̀ni, òun ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Ọ̀nà ni wọ́n fi ń rántí obìnrin yẹn, tọkùnrin tobìnrin ló sì rìn ín.

Jíjẹ́ obìnrin kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Ní Amẹ́ríkà, Mondale mú Geraldine Ferraro ṣe igbákejì ní 1984, McCain mú Sarah Palin ní 2008. Lórí oyún ṣíṣẹ́, Ferraro ní ìpinnu obìnrin ni, Palin ní rárá. Méjèèjì ni ẹgbẹ́ wọn fi wá ìbò obìnrin, méjèèjì ni wọ́n sì fìdí rẹmi.

Bí wọ́n bá wá ṣe ìpàdé ìta gbangba, ṣe é ní òṣómàáló: lóṣòó tì í, má dìde títí yóò fi dáhùn. Má bi í pé "kí lẹ ó ṣe fún wa?" Á kọrin fún ọ ni. Bi í pé iṣẹ́ wo ni ọ̀gá rẹ̀ ti gbà láti gbé fún un lábẹ́ abala 148, àti pé ojú ìwé wo ló wà nínú ètò tí ẹgbẹ́ tẹ̀ jáde. Bí kò bá sí lójú ìwé kankan, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Ará Ìsọ̀nà, Iléṣà:

Ẹ ṣeun gan-an, Baba. Ẹ ṣeun, lọ́yà, àti Nọ́ọ̀sì wa. Ó ku kékeré. Bí mo bá fẹ́ràn obìnrin náà ṣùgbọ́n tí n ò fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni mo sì ti lè rí ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò?

Aṣojú Àpótí, Modákẹ́kẹ́:

Kò sí bí ẹ ṣe lè yà wọ́n o, àǹtí. Orúkọ obìnrin náà ò tilẹ̀ sí lórí ìwé ìdìbò, ti ọ̀gá pàápàá ò sí níbẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ ó rí, pẹ̀lú àyè òfìfo tí ẹ ó tẹ̀ka sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka kan, èèyàn méjì.

Ìwé rẹ̀: fọ́ọ̀mù EC9 ni olùdíje ń fi búra nípa ọjọ́ orí, ìwé ẹ̀rí àti ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. INEC máa ń lẹ̀ ẹ́ síta kí aráàlú lè kà á. Ẹ wo ọdún tó wà lórí ìwé ẹ̀rí bóyá ó bá ọjọ́ orí mu, ẹ wo bóyá orúkọ kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin tó yí orúkọ padà nígbà tó lọ́kọ yẹ kó ní ìwé tó so méjèèjì pọ̀, torí ibẹ̀ làwọn ọ̀tá ti máa ń gbé e lọ sí kóòtù.

Ẹ má tètè máa jó tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ o. Ní 2022, tí ọjọ́ tí INEC dá kù sí dẹ̀dẹ̀, APC fi Kabir Masari síbẹ̀, Labour fi Doyin Okupe síbẹ̀, kí àyè má bàa ṣófo ni. Nígbà tó di oṣù keje, Shettima àti Datti ló wà nípò wọn. Ẹ dúró títí INEC yóò fi gbé orúkọ ìkẹyìn jáde, kí ẹ tó dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá.

Ọjọ́ ìbò náà: ẹ jẹ́ kí táńdà ìka yín gbẹ díẹ̀, kí ẹ ká ìwé náà bí òṣìṣẹ́ INEC bá ṣe fi hàn yín, ní òòró. Bí ẹ bá ká a ní ìbú, táńdà tútù á ta sí àmì ẹgbẹ́ mìíràn. Bí wọn ò bá sì mọ ẹgbẹ́ tí ẹ tẹ̀ka sí, wọn ò ní kà á fún ọ̀gá, wọn ò ní kà á fún obìnrin.