Fóòmù kọ́ọ̀tì ọmọ: a ti rà á o

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo bèèrè lọ́jọ́sí pé ṣé fóòmù tó rọ̀ múlọ́múlọ́ ni kí n rà sí kọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tó ní ọgbà yíká, fún ọmọ mi tó ti ń fà dìde àbí èyí tó le. Èyí tó le la rà, alihamudulilai. Ìyá oní-fóòmù lọ́nà Táíwò níbí n'Ílọrin ní kí n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó bá jìn wọlé tí ò tètè padà kí n fi í sílẹ̀, torí tọ́mọ bá dojú dé e, imú ẹ̀ lè rì sínú ẹ̀ kó má lè mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an! Wọ́n gé e bá kọ́ọ̀tì mu, àlàfo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò gbà ju ìka méjì lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi pílò sí i, ẹ má bínú, ọmọ ò tíì pọ́dún kan, bẹ́díṣíìtì tó fún dáadáa ti tó o, pàápàá nínú ooru yìí. Bàbá ẹ̀ sì ti sún pákó abẹ́ fóòmù nínú kọ́ọ̀tì wálẹ̀ pátápátá kó má baà gun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ já bọ́. Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.