Màmá wa ń gba Istanbul lọ Toronto: báwo ni wọ́n ṣe máa lo wákàtí 9 ní pápákọ̀?

Ọmọ_Ṣọ̀ún:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa, ẹni ọdún 61, ń lọ bá ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wẹ ọmọ ní Toronto. Wọn ò wọ bàálù rí láyé, títí dórí ti Ìlọrin sí Èkó. Turkish Airlines ni ẹ̀gbọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀: wọ́n á gbéra ní Ìkẹjà ní 20:20, wọ́n á balẹ̀ sí Istanbul ní 05:20, bàálù Toronto á sì gbéra ní 15:00. Wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 40 nìyẹn. Yorùbá ni wọ́n gbọ́, òyìnbó wọn kò ju èyí tí wọ́n fi ń ná ọjà lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n tí wọ́n bá rìn pẹ́. Ṣé wọ́n nílò físà Túrkì? Ta ló máa gbé báàgì wọn láti bàálù kan sí èkejì? Níbo ni wọ́n á ti sinmi, kí ni wọ́n á jẹ? Aago mélòó ló sì yẹ ká kúrò ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Tíkẹ́ẹ̀tì_Owódé:
Ibi tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ físà àti ti báàgì so sí. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ó rí àmì ẹlẹ́yọ mẹ́fà kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀ nínú rẹ̀. Tí Èkó sí Istanbul àti Istanbul sí Toronto bá jọ wà lábẹ́ àmì kan ṣoṣo, màmá kò nílò físà Túrkì níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá ti jáde sí ìgboro, báàgì ńlá á sì bá wọn dé Toronto láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Bí ẹnì kan bá lọ so tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ torí owó pọ́ọ́kú, ọ̀ràn míì nìyẹn. Wọ́n lè ní láti wọ ìlú lọ gba báàgì kí wọ́n tó tún un fi sílẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ físà. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ẹni tó ni èkejì kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan.

Ní Ìkẹjà, nígbà tí wọ́n bá ń lẹ ìwé mọ́ báàgì, kí ẹni tó sìn wọ́n wo lẹ́tà mẹ́ta tó tóbi jù lórí ìwé náà. YYZ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Toronto nìyẹn. Tó bá jẹ́ IST, ìyẹn Istanbul, ló gbẹ̀yìn, ẹ má kúrò níwájú káńtà. Kí wọ́n gba boarding pass (ìwé tí wọ́n fi ń wọ bàálù) méjèèjì níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò báàgì, ìwé tó wà lára rẹ̀ àti iye kílò rẹ̀, kí ẹ sì lẹ ìwé kékeré tí wọ́n bá fún yín mọ́ ẹ̀yìn páásípọ́ọ̀tù. Ìwé yẹn nìkan ló ń sọ báàgì tó jẹ́ ti màmá àti èyí tí kì í ṣe tiwọn. Nítorí náà, bí ará àdúgbò bá ní kí wọ́n bá òun gbé ẹrù kékeré kan fún ọmọ òun, kódà kó jẹ́ ìyá ìjọ, ẹ kọ̀ ọ́.

Ti orúnkún: ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, kí ẹ béèrè wheelchair, àga onítáyà. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á bi yín léèrè bóyá màmá lè gun àtẹ̀gùn. WCHR ni àmì ẹni tó lè gùn ún àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà, WCHS ni ti ẹni tí kò lè gùn ún. Ẹ rí i pé ó hàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ kọjá ti ẹsẹ̀: ẹni tó ń tì wọ́n mọ ọ̀nà, màmá ò sì ní máa ka pátákó kankan. Pápákọ̀ Istanbul tóbi gan-an, láti géètì (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ bàálù) kan sí òmíràn lè gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ rèé. Tí wọ́n bá gbé wọn dé, wọ́n á já wọn sí ibi ìdúró àwọn tó ń lo àga náà, ẹni tó tì wọ́n á sì lọ gbé ẹlòmíì. Tí màmá bá dìde kúrò níbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n lọ wo ìsọ̀, ẹni tó wá gbé wọn kò ní bá wọn. Kí wọ́n na boarding pass sí òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó lọ tọ̀, kí wọ́n sì padà síbẹ̀.

Ẹlòmíì tó bá ń ka èyí, tó jẹ́ Paris tàbí Frankfurt ló máa gbà, kó má rò pé bákan náà ni. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ń fẹ́ físà tíráńsíìtì (ti ẹni tó kàn ń pààrọ̀ bàálù) ní àwọn ilẹ̀ Schengen, ìyẹn ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, bí èèyàn ò tiẹ̀ ní jáde nínú pápákọ̀, àfi tí físà bíi ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tó ṣì lágbára bá wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò mọ tíráńsíìtì aláìnífísà rárá.

Àgbà_Awakọ̀:
Aago ni kí ẹ kọ́ màmá kó tó di ọjọ́ náà. Istanbul fi wákàtí 2 ṣáájú wa ní gbogbo ọdún. Aago 15:00 tó wà lórí boarding pass, aago 3 ọ̀sán ti Istanbul ni, aago 1 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Fóònù tí kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í yí aago ara rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ń fojú aago Ògbómọ̀ṣọ́ dúró de aago 3, bàálù á ti lọ ní wákàtí 2. Ẹ ra aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú tó ní ọwọ́, kí wọ́n yí i síwájú ní wákàtí 2 bí bàálù bá ti balẹ̀. Aago 1 ọ̀sán ti aago ọwọ́ yẹn ni kí wọ́n ti máa bi òṣìṣẹ́ léèrè géètì. Wọ́n máa ń ti géètì kí bàálù tó gbéra, wọn kì í sì í dúró de ẹni tó wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Wọn kì í pariwo orúkọ èèyàn káàkiri níbẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní gáréèjì. Ojú pátákó oníná ni gbogbo rẹ̀ wà, nọ́ńbà géètì lè má tíì hàn títí di nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú, ó sì lè yí padà lẹ́yìn tó hàn.

Ọmọ_Ṣọ̀ún:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹnì kan sọ fún wa pé ilé iṣẹ́ bàálù yẹn máa ń fún èèyàn ní òtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́, wọ́n tún máa ń mú wọn rìn yí ìlú ká. Ṣé òótọ́ ni?

Tíkẹ́ẹ̀tì_Owódé:
Òótọ́ ni, àmọ́ kò kan màmá. Wákàtí 9 kò tó fún òtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́. Ti ìrìn ìlú, wákàtí 6 sí 24 ló wà fún, ṣùgbọ́n ó di dandan kéèyàn wọ Túrkì. Físà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ ń béèrè físà Schengen, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ireland. Ti Kánádà kò sí lára wọn.

Àǹtí_Olùtọ́jú:
Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi nínú pápákọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ wọ báàgì ńlá. Nínú páálí rẹ̀ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà, nínú báàgì ọwọ́, kí ó sì tó ọjọ́ mélòó kan ju iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò lọ. Tí wọ́n bá ń lò ó ní aago 8 àárọ̀ nílé, aago 10 àárọ̀ Istanbul ni, inú pápákọ̀ ló máa bá wọn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Bí wọ́n ṣe máa yí i sí aago Toronto, tó fi wákàtí 5 tàbí 6 wà lẹ́yìn wa, ọwọ́ dókítà nìyẹn wà kí wọ́n tó lọ. Tí oògùn tó ń múni tọ̀ bá wà lára rẹ̀, kí wọ́n má dá a dúró torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọn á sì tún fi omi mímu du ara wọn.

Bàálù wákàtí 7, ìjókòó wákàtí 9, bàálù míì tó ju wákàtí 10 lọ: ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú wheelchair, kí wọ́n dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ sókè sódò ní ìgbà 20 tí wọ́n bá jókòó. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń ro wọ́n, tí èkejì kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí tí èémí ń ṣe wọ́n gíẹ́gíẹ́, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ti oògùn ìrora orúnkún, parasítámọ̀ kò ní wàhálà. Tramadol tí ẹlẹ́rù oògùn ń polówó nínú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kó wọ báàgì wọn. Ó lè di ẹjọ́ nílẹ̀ òkèèrè.

Ìyá_Aláásà:
Ẹ̀yin ọkùnrin ò mẹ́nu ba ẹrù ìwẹ̀ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti ń ṣẹlẹ̀. Òrí, àdí àgbọn, ọṣẹ dúdú, oyin, ata díndín: gbogbo ohun tó bá rọ̀ tàbí tó ń ṣàn, omi ni ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ ń pè é. Nínú báàgì ọwọ́, ìkòkò kan kò gbọ́dọ̀ ju 100 mílílítà lọ, gbogbo wọn á sì wọ ọ̀rá kan tí inú rẹ̀ ń hàn síta, tó mọ ní lítà 1. Ohun tí ìkòkò lè gbà ni wọ́n ń wò. Òrí díẹ̀ nínú ike ńlá, wọ́n á dà á nù ni. Wọ́n tún máa ń yẹ ẹrù wò ní Istanbul nígbà tí èèyàn bá ń bọ́ sí bàálù kejì, nítorí náà kí omi inú ìgò tán kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí wọ́n sì ra òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. «Su» ni Túrkì ń pe omi, ó sì wà lára ìgò gàdàgbà. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú, kí wọ́n má baà bínú sí ẹni tó ń fi lọ̀ wọ́n.

Èlùbọ́, gààrí àti ẹ̀gúsí, báàgì ńlá ni tiwọn, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì. Ife gààrí kan pẹ̀lú ṣúgà nínú báàgì ọwọ́ kò burú, bí ẹ̀ṣọ́ bá tiẹ̀ tú u wò. Fún àwọn wákàtí tíráńsíìtì, ẹ̀pà, bíṣíkíìtì àti dòdò Ìkirè dára ju mọ́ínmọ́ín lọ, torí mọ́ínmọ́ín á ti kan kí ilẹ̀ Istanbul tó mọ́. Kílíṣí, ṣùyà, pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́ nílé. Egbò àgbo tí erùpẹ̀ wà lára rẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé Toronto, kí wọ́n sọ pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ àwọn. Ìtanràn ẹni tó fi í pa mọ́ lè tó 1,300 dọ́là Kánádà. Ẹni tó sọ, tí wọ́n bá tilẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sanwó.

Owó tí màmá máa ń so mọ́ tòbí, kí wọ́n tú u kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń rí ìdì níbi ìdí, wọ́n á sì ní kí wọ́n ya sí ẹ̀gbẹ́ kan fún àyẹ̀wò ọwọ́. Kí wọ́n lo báàgì kékeré tó ń gba àyà kọjá. Dọ́là tàbí yúrò wẹ́wẹ́, bíi 50 sí 100, tó, torí oúnjẹ pápákọ̀ yẹn gbówó lórí. Ẹ má gbójú lé káàdì náírà nìkan. Kí wọ́n tún mú ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ìborùn nípọn, ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ kì í ṣàánú.

Àgbà_Awakọ̀:
Ti fóònù: Wi-Fi ọ̀fẹ́ wákàtí 1 wà, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi páásípọ́ọ̀tù hàn ló ń fúnni ní nọ́ńbà ìwọlé. Kí wọ́n má lò ó tán láàárọ̀. Iná Túrkì jẹ́ ti ihò róbótó méjì, ti Kánádà jẹ́ ihò pẹlẹbẹ, nítorí náà orí ṣájà méjì ni kí ẹ rà. Ẹ̀rọ ìlọta tàbí ayọ́ọ̀nù ilé wa kò wúlò ní Kánádà, 120 fóólù ni iná wọn. Páwà báǹkì 20,000 mAh kò kọjá òfin, ṣùgbọ́n báàgì ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ kọ ìwé líle kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Túrkì, kí wọ́n so ó mọ́ ọrùn: orúkọ wọn, nọ́ńbà bàálù Toronto àti aago rẹ̀, pé Yorùbá ni wọ́n gbọ́, pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti nọ́ńbà WhatsApp ẹ̀gbọ́n. Ó wúlò ju áàpù ìtumọ̀ lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Owódé:
Ibi sísùn: òtẹ́ẹ̀lì YOTEL wà nínú pápákọ̀ náà, apá kan rẹ̀ wà fún àwọn tí kò wọ ìlú. Wọn á gba yúrò tó pọ̀ lọ́wọ́ yín. Lójú tèmi, ẹ má sanwó rẹ̀ fún màmá. Ẹni tó dá sùn nínú yàrá lè sùn kọjá aago, nígbà tó jẹ́ pé ibi ìdúró wheelchair ní òṣìṣẹ́ tó mọ ìgbà tí bàálù wọn máa gbéra. Bí wọ́n bá fẹ́ tòògbé níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ báàgì sí ọrùn, kí páásípọ́ọ̀tù wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń kírun, «mescit» ni kí wọ́n béèrè.

Ní géètì Toronto, wọ́n á tún yẹ páásípọ́ọ̀tù àti físà wò. Ilé iṣẹ́ bàálù ló ń jìyà bí ó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń le. Àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n àti ìwé tí wọ́n fi pè wọ́n, kí ó wà nínú báàgì ọwọ́.

Àgbà_Awakọ̀:
Ti Tákíè: ẹ kúrò ní aago 6 àárọ̀. Kí ẹ dé Ìkẹjà ní nǹkan bíi aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni ìfojúsùn. Ẹ lè rò pé ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n tírélà kan tó bá dá ìdábùú láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ lè gba wákàtí 2, Èkó sí Ìbàdàn sì ní tirẹ̀. Ẹ lè gba Ìlọrin wọ bàálù dé Èkó, àmọ́ ibi tí bàálù abẹ́lé ń balẹ̀ sí yàtọ̀ sí ti òkèèrè, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ láàárín wọn pẹ̀lú ẹrù. Kí ẹni tó sìn wọ́n má sì tíì wọ ọkọ̀ padà títí tí wọ́n á fi pè pé àwọn ti kọjá ọ̀dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, torí bí ẹrù bá ju ìwọ̀n lọ, òun ni wọ́n máa gbé àjùlọ náà fún.