Ohun mímu berry gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi dé 151. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Olùbéèrè:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 41 ni mí, n kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ohun mímu berry (èso kéékèèké bíi strawberry) inú ìgò rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, torí mo ń gbọ́ káàkiri pé berry máa ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Lánàá, mo yá ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń yẹ ṣúgà wọn wò. Kí n tó fẹnu kan nǹkan láàárọ̀, 88 (mg/dL) ló kọ. Mo mu ìgò kan tán. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 151! Àyà mi já. Nígbà tó pé wákàtí méjì, ó ti padà sí 96. Ṣé ìtọ̀ ṣúgà ló ń bọ̀ yìí, àbí irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa nípa berry? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, n kò rí oorun sùn.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé o fọwọ́ kí o tó gún ìka? Mo bó èso lọ́jọ́ kan, mo gún ìka láìfọwọ́, ẹ̀rọ kọ 190 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi ọṣẹ fọwọ́, mo nù ún gbẹ, mo tún un ṣe: 104. Ṣúgà tó wà lára awọ ni ẹ̀rọ kà mọ́ ti ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ fọkàn balẹ̀. Láìjẹun, 70 sí 99 ni à ń fẹ́, 88 yín dáa. Ní wákàtí méjì, ohun tí kò bá tó 140 dáa, 96 yín sì jìnnà sí i dáadáa. Bí ara ẹni tiẹ̀ le, ṣúgà inú ohun mímu kì í pẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60 ló máa ń ga jù, kí ínsúlínì, èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà, tó kó o lọ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ẹ̀rọ ilé pàápàá lè fi bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti yàrá àyẹ̀wò, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sọ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹ̀rọ tí ẹ yá yẹn gan-an ló kọ mí lóminú. Ohun tí wọ́n fi ń gún ìka kì í ṣe ohun àjọlò, ì báà jẹ́ láàárín ọmọ ìyá. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò tiẹ̀ rí lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú irú B láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é mọ́.

Ọmọ Eléwé:
Berry ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn pátápátá. Ẹ máa mu ún tàárọ̀ talẹ́, kò sóògùn tí ẹ máa nílò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn lè kà á kó sì jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀. Berry kì í wo ìtọ̀ ṣúgà sàn.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Ohun tí olùbéèrè gbọ́ kì í ṣe irọ́, wọn kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ní Finland tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún èèyàn 12 tí ara wọn le ní gírámù 35 ṣúgà, nígbà mìíràn pẹ̀lú gírámù 150 berry tí wọ́n lọ̀, nígbà mìíràn láìsí berry. Ní ìṣẹ́jú 15 àti 30, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn kéré sí i nígbà tí berry wà níbẹ̀. Ó jọ pé àwọn èròjà tó fún berry ní àwọ̀ rẹ̀ a máa dí iṣẹ́ ohun tó ń fọ́ ṣúgà nínú ìfun lọ́wọ́ díẹ̀, kí ṣúgà má baà ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n berry lódindi ni wọ́n lọ̀ níbẹ̀, tẹran-ara tèèpo. Kí ni wọ́n kọ sára ìgò tìrẹ?

Olùbéèrè:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Omi ló ṣáájú, ṣúgà tẹ̀ lé e. Berry kò ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Gírámù 11 ṣúgà ló wà nínú mílílítà 100, ìgò náà sì jẹ́ 330.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Gírámù 36 nìyẹn, bíi ṣíbí kékeré mẹ́sàn-án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní yóò dáa jù bí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ kò bá kọjá nǹkan bíi gírámù 25 lójúmọ́. Ṣúgà inú omi èso tí wọ́n ti fún wà nínú ìṣírò yẹn, bí wọn kò tiẹ̀ bu ṣúgà kankan sí i.

Ìyá Ìbejì:
Ra berry fúnra rẹ̀, èyí tó dì bíi yìnyín náà dáa. Lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi, má sẹ́ ẹ.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dá ẹ̀rọ padà, mo ra tèmi. Láàárọ̀ yìí mo fọwọ́ dáadáa, mo lọ̀ gírámù 150 strawberry mọ́ omi lásán. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 107 ni mo rí. Ṣé agbára berry nìyẹn?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì:
Díẹ̀ lè jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bíi gírámù 7 ṣúgà ló wà nínú strawberry tí o lọ̀ yẹn, 36 ló sì wà nínú ìgò. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà ti wá.