Wizards, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Washington, ti sú mi, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ inú ilé mi: ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Tómi, Maryland
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ èyí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí ò ní ní ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò bá fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì kó kọjá lọ, kò sí ìjà.

2009 ni mo dé Maryland. Ọdún kejì ẹ̀ ni Wizards mú John Wall, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú dráfítì 2010, níbi tí àwọn tíìmù ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun, gbogbo ìlú gbóná, èmi tí mi ò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ náà wọ ẹgbẹ́, látìgbà yẹn mi ò sì yẹsẹ̀. 2017 tí Boston lé wa jáde ní gèèmù keje, mi ò jẹun sùn. 2022 wọ́n fún Bradley Beal ní kọ́ntíráàtì mílíọ̀nù 251 dọ́là, wọ́n tún wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò lè tà á síbì kankan àfi tí òun fúnra ẹ̀ bá gbà. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fẹ́ tà á, òun ló wá ń yan ibi tó ń lọ, Phoenix gbé e, ohun tí wọ́n kó fún wa ò tó nǹkan kan. Ìyẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ó dáa, 2023 àwọn ọ̀gá tuntun dé, Michael Winger, àti Will Dawkins tó ti Oklahoma City wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ wó ilé náà palẹ̀ kí àwọn tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Mo ní kò burú, mo fara mọ́ ọn. Sísọ̀n àkọ́kọ́, gèèmù 15 la gbà nínú 82. Èyí tó tẹ̀ lé e, 18. Nínú sísọ̀n kan náà yẹn wọ́n lù wá ní gèèmù 16 léraléra, a sinmi díẹ̀, wọ́n tún lù wá ní 16 míì léraléra. Mo fara dà á torí mo mọ̀ pé Cooper Flagg, ọmọ tí gbogbo tíìmù ń wá, ń bọ̀ nínú dráfítì. Lọ́tìrì wá dé ní oṣù karùn-ún 2025, ìyẹn kèké tí wọ́n fi ń pín ipò nínú dráfítì, tíìmù tó bá pàdánù jù ni àǹfààní ẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Àwa tí a ní 14 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí tíìmù tó ní ju ìyẹn lọ, a já bọ́ sí ipò kẹfà! Dallas tí ò ní tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbé ọmọ náà lọ, Dallas yìí kan náà tó fọwọ́ ara ẹ̀ ta Luka Doncic, ìràwọ̀ ẹ̀, ní oṣù kejì. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìbéèrè mi ni pé, ọdún mélòó lèèyàn fi ń tún ilé kọ́? Kí n dúró ni, àbí kí n jáwọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì sísọ̀n tó ń bọ̀ wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Inú ilé mi gan-an ò sì rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àkànní Houston
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má jáwọ́ o. Ẹ wo àwa ní Houston, 2021 lẹ́yìn tí James Harden, ìràwọ̀ wa, lọ tán, gèèmù 20 la pàdánù tẹ̀ léra, 17 la gbà ní gbogbo sísọ̀n, èyí tó tẹ̀ lé e 20, òmíràn 22. Mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n kí ìdajì gèèmù tó pé. Ìgbà tí kóòṣì Ime Udoka dé, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, a gba 41, lẹ́yìn náà 52. Ní báyìí Kevin Durant ti dé. Ọdún mẹ́rin péré. Kí n sì rán yín létí, Hakeem ọmọ Èkó gan-an, torí pé Houston burú la ṣe rí i mú ní 1984. Ká ní wọ́n ṣe dáadáa lọ́dún yẹn ni, ife 1994 àti 1995 ò bá má sí. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Philly Boy
Bọ̀dá Àkànní, ẹ má tan ẹ̀gbọ́n wa jẹ. Èmi ń gbé Philadelphia, ọ̀rọ̀ yìí dé ara mi. Sam Hinkie, ọ̀gá tíìmù wa nígbà yẹn, ní ká gbẹ́kẹ̀ lé òun. Gèèmù 19 la gbà, 18, lẹ́yìn náà 10. MẸ́WÀÁ nínú 82! Wọ́n mú Embiid ní 2014, ọdún méjì gbáko ni ò fi gbá bọ́ọ̀lù kankan. Wọ́n mú Fultz sípò kìíní ní 2017, ejìká ẹ̀ bàjẹ́, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì kọjá ipele kejì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ jáwọ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá Tómi, mo ka gbogbo ẹ̀ tán, mi ò rí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́, mi ò rí bóyá ìyàwó yín mọ̀ sí i, mi ò sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ẹ sọ iye tí Beal gbà fún wa, ẹ ò sọ iye tí ẹ̀yin fẹ́ ná. Báwo la ṣe fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ dárí jì mí o, àmọ́ mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Àgbàlagbà ń sunkún torí pé wọ́n yọ kèké? Àwa níbí ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀, ẹ lọ bójú tó ìdílé yín.

Àkànní Houston
Àbúrò Mọ́kọ́lá, ó ti ní kí ẹni tí ò bá fẹ́ràn ẹ̀ kọjá. Wàhálà tiyín ò ní kí tiẹ̀ má dùn ún.

Philly Boy, ẹ ò sọ ti Oklahoma City kẹ̀. Gèèmù 24 ni wọ́n gbà ní 2021-22, oṣù kẹfà 2025 tó kọjá yìí wọ́n gba ife. Ibẹ̀ ni Dawkins ti kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí ò mọ ọ̀nà.

Philly Boy
Ẹ̀yin lẹ ò wò ó dáadáa. Ta ló gba ife fún Oklahoma City? Shai. Ṣé inú dráfítì ni wọ́n ti rí Shai? Rárá, Clippers ló kó o fún wọn ní 2019 nígbà tí wọ́n ta Paul George. Jalen Williams ńkọ́? Ipò 12. Chet nìkan ni ipò kejì. Pípàdánù kọ́ ló kọ́ ilé yẹn, ọjà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tà ni. Wizards ta Beal, wọn ò rí nǹkan kan gbà, ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló sọ ọ́. Detroit ńkọ́? Gèèmù 28 ni wọ́n pàdánù léraléra ní 2023, 14 péré ni wọ́n gbà, ọdún kejì 44. Cade Cunningham, ìràwọ̀ wọn, ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Kóòṣì tuntun àti àwọn àgbà díẹ̀ tó mọṣẹ́ ni wọ́n kó wọlé.

Bàbá Tómi, Maryland
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ Philly Boy wọ̀ mí lára. Àmọ́ mi ò ní kí ẹ rò pé àwọn ọmọ tiwa ò dáa o. Alex Sarr ga, ó sì yára, ọmọ ogún ọdún ṣì ni. Coulibaly mọ bí wọ́n ṣe ń dí èèyàn lọ́nà. Bub Carrington, ọmọ Baltimore níbí, gbá gbogbo gèèmù 82 ní ọdún tó kọ́kọ́ wọlé, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ mú Tre Johnson, ó mọ bọ́ọ̀lù jù. Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò mọ bóyá ó yẹ kí n máa fojú sọ́nà ni.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, èmi àti ẹnìkan níbi iṣẹ́ la jọ máa ń pín in, ìjókòó méjì, òun máa ń lọ sí ìdajì, èmi ìdajì. Ó ti ní òun ò ṣe mọ́. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi.

Ìyá Ìbejì
Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ san gbogbo ẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò sì tíì dáhùn ti ìyàwó.

Philly Boy
Ẹ jáwọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo tún sọ ọ́.

Sísí Bowie
Bàbá Tómi, ẹ má bínú, nǹkan kan ń ṣe mí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ó ti ń jẹ yín lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta. Lọ́tìrì tí ẹ ń pariwo ẹ̀, àárín oṣù karùn-ún ni, oṣù méjì nìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin?

Bàbá Tómi, Maryland
Mi ò fẹ́ sọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn sísọ̀n, ọjọ́ Àìkú, Wizards lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Miami. Èmi àti Tómi ọmọ mi la jọ ń wò ó nílé, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, tí mo bá wọlé láàárọ̀ ó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, tó bá dé èmi ń sùn, gèèmù yìí ni àsìkò tiwa. Utah wà ní 17, àwa náà wà ní 17, mo sì ti ṣe ìṣirò ẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan pé tí a bá pàdánù eléyìí, ipò wa á dára nínú lọ́tìrì. Gèèmù wá lé, ó ku díẹ̀ kó parí, Bub ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, 119 sí 118, a borí. Tómi fò sókè, ó bọ́ ẹ̀wù ẹ̀, ó ń sáré yí pálọ̀ ká, ó fẹ́ dì mọ́ mi.

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó jókòó, mo ní kò mọ nǹkan kan, mo ní ìdùnnú òmùgọ̀ ló ń dùn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọmọ náà wò mí, ó mú ẹ̀wù ẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Látìgbà yẹn kò bá mi wo nǹkan kan mọ́. Ó ń kí mi, ó ń dáhùn, àmọ́ tí mo bá ní kó wá wo dráfítì, á ní òun ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ti gba họlidé o. Ìyàwó mi rò pé ó kàn ń dàgbà ni.

Ohun tó jẹ́ kí n bi yín nìyẹn. Mo rò pé tí mo bá ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fún àwa méjèèjì, á padà.

Àkànní Houston
Háà, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì
Ó dáa tí ẹ sọ ọ́. Mi ò ní bú yín, ó ti ń bú yín nínú tẹ́lẹ̀. Àmọ́ Bàbá Tómi, ọmọ ọdún mọ́kànlá yọ̀ pé ẹgbẹ́ ẹ̀ borí. Kí ló tún kù kó yọ̀ sí? Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à máa fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Oṣù mẹ́ta ni ọwọ́ ọ̀tún yín ti ń dúró de tíkẹ́ẹ̀tì.

Philly Boy
Ẹ̀gbọ́n, kí n sọ òótọ́ fún yín, ìyà tí wọ́n fi jẹ wá ní Philly nìyẹn, kì í ṣe ti 10 nínú 82 yẹn. Wọ́n kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹgbẹ́ òun pàdánù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ìgbà tí wọ́n wá ń borí, mi ò mọ bí mo ṣe ń yọ̀ mọ́, mo kàn jókòó síbẹ̀. Ọmọ yín ò tíì kọ́ ọ. Ẹ má kọ́ ọ.

Tẹ́ẹ bá sì tún fẹ́ ìṣirò náà, ká ní a lù yín ní Miami, ẹ̀yin àti Utah ì bá dọ́gba ni, wọ́n á ṣẹ́ kèké láàárín yín. Utah tó gba ipò tí ẹ̀yin ń wá, kí ló rí? Ipò karùn-ún! Àárín ipò karùn-ún sí ìkẹfà lẹ torí ẹ̀ jágbe mọ́ ọmọ.

Àkànní Houston
“A lù yín” kẹ̀, ṣé Miami lẹ̀ ń tì lẹ́yìn ni?

Philly Boy
Ìka ló sáré. Ká ní WỌ́N lù yín.

Bàbá Tómi, Maryland
Àmọ́ nígbà yẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Utah máa já bọ́ sí ìkarùn-ún. Ìṣirò tí mo ṣe ò burú bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn.

Sísí Bowie
Ẹ gbàgbé ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́.

Bowie níbí ni mo wà, a jọ wà nítòsí ara wa. Ẹ má ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì. Tíìmù tó bá ń pàdánù, àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì máa ń tà á ní owó pọ́ọ́kú tó bá ku wákàtí díẹ̀, pàápàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tíìmù kékeré Wizards tó ń jẹ́ Capital City Go-Go, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́, sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Congress Heights ní Southeast, pápá ìṣeré kékeré ni, ojú rí ojú, ọmọdé á gbọ́ ohun tí kóòṣì ń sọ. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ ọmọ náà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ò bẹ̀ mí rí láyé. Ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì
Bàbá Tómi, ọjọ́ Ẹtì ti dé o. Kí lẹ ṣe?

Bàbá Tómi, Maryland
Mi ò san án.

Lálẹ́ ọjọ́rú mi ò lọ síṣẹ́, mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo ní, Tómi, ọjọ́ Miami yẹn, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, ìwọ lo yọ̀ sí bọ́ọ̀lù yẹn bó ṣe yẹ. Kò sọ nǹkan kan. Mo ní ṣé ká tún wò ó. Ó gbé fóònù ẹ̀, ó wá ìparí gèèmù náà jáde kíá, ó jọ pé ó ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Bub fẹ́ ju bọ́ọ̀lù yẹn, ojú mi ló ń wò, kò wo fóònù. Mo pariwo. Mo pariwo débi tí ìyá ẹ̀ fi sáré wọlé.

Ó ní ká mú gèèmù mẹ́fà tí wọ́n bá ti gbé déètì jáde, òun ló máa yan wọn, kí ti Utah wà níbẹ̀. Ó ní ká tún lọ wo Go-Go. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ọdún mélòó ló rò pé ó máa gbà wọ́n kí wọ́n tó dáa, ó ní Sarr ti dáa báyìí.

Ìyàwó mi ti mọ̀ gbogbo ẹ̀, Ìyá Ìbejì. Tómi ló sọ fún un kí n tó sọ.