Ilé etí òkun àbí ọkọ̀ ojú omi: ògiri tó ti sán ni kò jẹ́ kí n lè yàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ra méjèèjì: ilé kejì kékeré létí omi iyọ̀, tàbí ọkọ̀ onífáíbà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan, tí èèyàn lè sùn sí lópin ọ̀sẹ̀.

Mo ti ṣírò ìnáwó ọkọ̀ lọ́dún: owó èbúté, ìbánigbófò, gbígbé e sókè láti fọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n sì kùn ún, síńkì tuntun (irin tí omi iyọ̀ máa ń jẹ dípò irin ọkọ̀) kí ti àtijọ́ tó jẹ tán, òróró ẹ́ńjìnnì, àti impeller onírọ́bà, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń fa omi wọ ẹ́ńjìnnì. Bí ìyẹn bá ya, omi tútù ò ní wọlé mọ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà.

Ilé ló ń dà mí láàmú, pàápàá ògiri tó dá omi òkun dúró. Omi òjò máa ń kó sẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀; bí ihò tí omi ń gbà jáde bá dí, omi ọ̀hún á máa tì í síwájú, yẹ̀pẹ̀ á máa ṣàn lọ, ilẹ̀ á sì rì. Ti ilé tí mo ń wò yìí ti sán, irin inú kọnkéré rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti yọ síta. Bíríkìlà kan ní kí n fi sìmẹ́ǹtì dí i, èkejì ní kí n wó o. Mo wo ìdí ògiri náà nígbà tí omi fà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ bò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tún irú rẹ̀ ṣe, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó, tí mo máa fi mọ̀ bóyá àtúnṣe tó o tàbí àfi kí n tún un kọ́? Bó bá jẹ́ títún kọ́, ọkọ̀ ni mo máa rà.